Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo tutọ́ sínú ike: àyẹ̀wò jíìnì kánsà olówó pọ́ọ́kú àti èyí tí mo padà wá ṣe

Ike kejì gan-an ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, àmọ́ kò ní yé èèyàn tí mi ò bá kọ́kọ́ sọ ti àkọ́kọ́. Houston níbí ni mò ń gbé, ọmọ Ìbàdàn ni mí, ọdún 45 ni mí. Jẹjẹrẹ ọmú ló pa màmá mi ní 2009, wọn ò tíì pé 50 ọdún. Ní 2019 mo rí ìpolówó ọ̀kan nínú àwọn ilé iṣẹ́ tó máa ń fi páálí ránṣẹ́ sílé èèyàn, pé kéèyàn tutọ́ sínú ike, kó dá a padà, wọ́n á sọ ibi táwọn baba ńlá ẹ̀ ti wá, wọ́n á sì tún sọ bóyá jíìnì kánsà ọmú tó bàjẹ́ wà lára ẹ̀. Wọ́n dín owó ẹ̀ kù nígbà yẹn, dọ́là 139, mo rà á lọ́jọ́ yẹn lọ́hùn-ún. Mi ò ní dárúkọ wọn.

Èsì dé lẹ́yìn bí oṣù kan àtààbọ̀. Níbi tí wọ́n kọ BRCA sí, ìyẹn orúkọ jíìnì kánsà ọmú yẹn, méjì ni wọ́n, BRCA1 àti BRCA2, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Inú mi dùn débi pé mo kó gbogbo ọmọ ìyá mi jọ sórí WhatsApp lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo ní ẹ fọkàn balẹ̀ o, ohun tó pa màmá ò sí nínú ẹ̀jẹ̀ wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Mọ́kọ́lá, nílé ní Ìbàdàn, ló kọ́kọ́ ṣe àmín. Ní 2023 ni ọwọ́ wọn ba kókó kan nínú ọmú wọn, nígbà tí wọ́n ń wẹ̀. Oṣù mẹ́jọ gbáko ni wọ́n fi ń wò ó kí wọ́n tó lọ sọ́sibítù. Nígbà tí mo bi wọ́n pé kí ló dé, kí ló dá yín dúró, ohun tí wọ́n sọ rèé: "Ṣebí ìwọ lo sọ pé kò sí nínú ẹbí wa." Wọn ò fi ìbínú sọ ọ́ o. Ọ̀rọ̀ yẹn ò tíì kúrò lọ́kàn mi dòní.

Mo padà lọ tú èsì 2019 yẹn wò, mo kà á látòkè délẹ̀, ìgbà yẹn ni mo wá rí ohun tó wà nísàlẹ̀ níbẹ̀ tí mi ò kà. Ibi mẹ́ta péré ni wọ́n wò. Mẹ́ta! Bí ìwé tí wọ́n fi lẹ́tà kọ ni jíìnì ṣe rí, òun la jogún lọ́wọ́ òbí. Jíìnì BRCA2 nìkan, lẹ́tà tó ń ṣiṣẹ́ nínú ẹ̀ ju 10,000 lọ, BRCA1 náà ju 5,000 lọ, àwọn ibi tí wọ́n sì ti mọ̀ pé ó lè bàjẹ́ sí nínú àwọn méjèèjì ju ẹgbẹ̀rún kan lọ. Àwọn ibi mẹ́ta tí wọ́n wò yẹn, àwọn Júù Ashkenazi, ìyẹn àwọn Júù tí ìran wọn ti Yúróòpù wá, ló wọ́pọ̀ lára wọn, bíi ẹnì kan nínú 40 lára wọn ló ní ọ̀kan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Fún àwọn yẹn ó wúlò gan-an ni, mi ò bá a jiyàn. Àmọ́ fún ọmọ Yorùbá, ó dà bí ìgbà téèyàn sọ kọ́kọ́rọ́ nù sínú ilé oníyàrá ogún, tó wá yọjú wo kọ́bọ́ọ̀dù kan nílé ìdáná, tó ní òun ti wá gbogbo ilé. Òótọ́ ni pé wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé ibi mẹ́ta làwọn wò, wọn ò purọ́. Ṣùgbọ́n "a ò rí nǹkan kan" ni wọ́n fi lẹ́tà gàdàgbà kọ, ibi mẹ́ta yẹn ni wọ́n fi lẹ́tà tín-ín-tìn-ìn-tín kọ, inú mi ò dùn sí i rárá, kò sì lè dùn sí i láé. Ìràwọ̀ 1 nínú 5 ni mo fún wọn.

Ní 2024 ni mo wá ṣe ìkejì. Dọ́kítà ẹ̀gbọ́n mi ní Ìbàdàn ló tì wá síbẹ̀. Wọ́n ní ẹni tí àìsàn bá ti mú ló yẹ kó kọ́kọ́ ṣe é, torí ara tiẹ̀ ni wọ́n ti máa mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n fi ránṣẹ́ sókè òkun, èsì dé pé BRCA2 wọn ti bàjẹ́. Ọkàn mi já. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni mo lọ wá ilé iṣẹ́ tó máa ń ka gbogbo jíìnì náà láti lẹ́tà àkọ́kọ́ dé ìkẹyìn, tí dọ́kítà ń fọwọ́ sí i, tí kọ́ńsẹ́lọ̀ sì ń báni sọ̀rọ̀ kó tó di pé wọ́n ṣe é àti lẹ́yìn tí èsì bá dé. Dọ́là 249. Iṣẹ́ wọn ni mo wá yẹ̀ wò níbí.

Páálí yẹn kéré, kò tó páálí bàtà ọmọdé. Ike kan, ìdérí kan tó ní omi aláwọ̀ búlúù nínú, àpò ọ̀rá, ìwé. Wọ́n ní o ò gbọ́dọ̀ jẹ, o ò gbọ́dọ̀ mu, o ò gbọ́dọ̀ fọ ẹnu fún 30 ìṣẹ́jú ṣáájú. Ìlà kan wà lára ike tí itọ́ gbọ́dọ̀ dé, ìfófòó orí ẹ̀ ò sí lára ẹ̀ o, ibi tí itọ́ fúnra ẹ̀ dé ni wọ́n ń wò. Ẹ má rò pé ó rọrùn, ẹnu mi gbẹ táútáú, mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mò ń ronú ọsàn kíkan kí itọ́ lè sun. Tó bá ti pé, wàá dé e, omi búlúù á já sínú ẹ̀, wàá mì í dáadáa, wàá kọ ọjọ́ ìbí ẹ sí i lára. Tí o bá gbàgbé ọjọ́ ìbí yẹn, wọ́n á dá a padà, ó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi tó wà ní Maryland.

Ohun tó jẹ́ kí n fẹ́ràn wọn ni kọ́ńsẹ́lọ̀ wọn. Obìnrin kan ni, ó pè mí lálẹ́ kí n tó fi itọ́ náà ránṣẹ́, ó ní ká jọ ya igi ẹbí mi. Ó ń bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni ò bi mí rí: ìyá màmá ẹ ńkọ́, ọmọ ọdún mélòó ni wọ́n nígbà tí wọ́n kú, kí ló pa wọ́n? Mi ò mọ̀. Nílé wa "wọ́n ṣàìsàn díẹ̀" ni wọ́n máa ń sọ. Mo ní kó fún mi lọ́jọ́ méjì, mo pe ẹ̀gbọ́n màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n ti lé ní 75.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Màmá, ẹ má bínú o, kí ló pa ìyá yín gan-an?"

Wọ́n dákẹ́ títí, mo rò pé fóònù ti já.

"Àkànní, kí lo fẹ́ fi ṣe?"

"Dọ́kítà ló fẹ́ mọ̀ mà, nítorí ẹ̀gbọ́n mi."

"Ọmú ni. Ọmú òsì. Ó bẹ́, ó ń rùn, inú yàrá ẹ̀yìn ni wọ́n gbé wọn pamọ́ sí. Wọ́n ní ká má sọ síta, wọ́n á ní ìdílé wa lárùn, kò sẹ́ni tó máa fẹ́ wa. Ìyá yín gan-an ò mọ̀ dáadáa, ọmọ kékeré ni." Wọ́n wá fi kún un láìjẹ́ pé mo bi wọ́n: "Àbúrò wọn náà, ikùn wọn ló wú gbọ̀ngbọ̀n bí aláboyún, wọ́n ní ayé ló ṣe wọ́n."

Nígbà tí mo sọ ti ikùn wíwú yẹn fún kọ́ńsẹ́lọ̀, mo gbọ́ bó ṣe dákẹ́ tó ń kọ nǹkan sílẹ̀. Ó ní kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́ báyìí, àmọ́ jẹjẹrẹ ilé ẹyin máa ń mú kí ikùn wú bẹ́ẹ̀, jíìnì kan náà tó ń ṣe ọmú ló sì ń ṣe ilé ẹyin. Bí wọ́n ṣe fi ọ̀rọ̀ yẹn pa mọ́ fún bí àádọ́ta ọdún nìyẹn.

Ẹ jẹ́ n sọ ohun tí jíìnì yìí ń ṣe bó ṣe ṣàlàyé ẹ̀ fún mi, mo sì ti lọ kà kún un fúnra mi, torí mo rí i pé ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé BRCA ni jíìnì tó ń fa kánsà, pé àwọn kan ní in, àwọn kan ò ní in. Kò rí bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la ní in, ọkùnrin lobìnrin. Iṣẹ́ àtúnṣe ló ń ṣe lára. Ìgbà tó bá bàjẹ́ ni wàhálà dé.

DNA ni okùn tín-ín-rín tí wọ́n kọ gbogbo jíìnì wa sí, inú sẹ́ẹ̀lì ló wà, ìyẹn àwọn ẹyọ kéékèèké tó para pọ̀ di ara wa. DNA inú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo, tí wọ́n bá tú u, tí wọ́n nà án tán, á gùn tó mítà 2. Lẹ́tà ara ẹ̀, tí a bá ka ti bàbá àti ti ìyá pọ̀, ó tó bílíọ̀nù 6. Gbogbo ìgbà tí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ di méjì ló gbọ́dọ̀ da gbogbo ẹ̀ kọ pátá. Ẹ̀rọ tó ń dà á kọ máa ń ṣì í kọ, bíi ẹ̀ẹ̀kan nínú 100,000 lẹ́tà, àmọ́ òun fúnra ẹ̀ á tún bojú wẹ̀yìn, á pa èyí tó ṣì kọ rẹ́, àwọn míì tún ń tẹ̀ lé e tí wọ́n ń ka iṣẹ́ ẹ̀ wò, ìgbà tí wọ́n bá fi máa ṣe tán, àṣìṣe tó ṣẹ́ kù ò ju bíi ẹyọ kan nínú bílíọ̀nù kan lẹ́tà. Ẹ ò rí i pé iṣẹ́ ńlá nìyẹn! Ìyẹn ti dídà á kọ nìkan o. Oòrùn ń bà á jẹ́, èéfín sìgá ń bà á jẹ́, kódà omi inú ara wa àti afẹ́fẹ́ tí à ń mí símú ń bà á jẹ́, nínú sẹ́ẹ̀lì kan ṣoṣo ó lè ju 10,000 ìgbà lọ lóòjọ́. Tomas Lindahl, onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ará Sweden, ló sọ ọ́ ní àwọn ọdún 1970 pé DNA kì í dúró gbọn-in bí gbogbo ayé ṣe rò, pé ó ń jẹrà díẹ̀díẹ̀, pé kò sí bí a ò ṣe ní ti kú tí kò bá sí àwọn tó ń tún un ṣe. Òun àti Paul Modrich àti Aziz Sancar ni wọ́n jọ gba ẹ̀bùn Nobel lórí iṣẹ́ àtúnṣe yìí ní 2015.

Wàyí o, DNA dà bí àkàbà tí wọ́n lọ́ bí okùn. Tí ẹsẹ̀ kan bá kán, ìyẹn ò le, ẹsẹ̀ kejì ṣì wà níbẹ̀ tí wọ́n á fi wọn èyí tó kán, òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ PARP wà lára àwọn tó ń bójú tó ìyẹn. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kán lẹ́ẹ̀kan náà lọ̀rọ̀ di bàbàrà, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ wò wọn ọ́n mọ́. Ibẹ̀ ni BRCA1 àti BRCA2 ti ń wúlò. Ṣé ẹ rántí pé sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ pín ti da ẹ̀dà kejì kọ? BRCA2 á kó òṣìṣẹ́ míì tó ń jẹ́ RAD51 wá síbi tó kán, á tò wọ́n sórí ẹ̀, RAD51 á lọ wá ibi tó bá a mu nínú ẹ̀dà kejì, wọ́n á wo ibẹ̀, wọ́n á kọ ohun tó sọnù padà lẹ́tà sí lẹ́tà. Tí BRCA2 ò bá sí ńkọ́? Sẹ́ẹ̀lì ò ní torí ìyẹn káwọ́ gbera, á kàn fipá so orí méjèèjì pọ̀, bí ẹni fi ọ̀rá wé páìpù omi tó bẹ́. Lẹ́tà díẹ̀ á já bọ́ níbẹ̀, ìgbà míì orí tí kò bára tan rárá ni wọ́n á lẹ̀ mọ́ra. Lónìí kò ní ṣe é ní nǹkan kan, lọ́dún tó ń bọ̀ náà kò ní ṣe é ní nǹkan kan, àmọ́ tó bá di ogún ọdún, ọgbọ̀n ọdún, àṣìṣe á ti kún inú ẹ̀ bámúbámú, tí ọ̀kan bá wá lọ bọ́ sórí jíìnì bíi TP53 tó jẹ́ bíréèkì sẹ́ẹ̀lì, sẹ́ẹ̀lì yẹn á máa pín, á máa pín, kò ní gbọ́ dúró. Kánsà nìyẹn.

Méjì méjì la ní jíìnì yìí, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ bàbá, ọ̀kan láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ẹni tó jogún ọ̀kan tó ti bàjẹ́ ṣì ń fi ìkejì ṣiṣẹ́, ara ẹ̀ le, kò mọ nǹkan kan. Àmọ́ ẹni tí méjèèjì tiẹ̀ dáa, méjèèjì ló gbọ́dọ̀ bàjẹ́ kí wàhálà tó dé; ti ẹni tó jogún ọ̀kan tó ti bàjẹ́, ọ̀kan péré ló kù tó máa bàjẹ́. Ìdí tí kánsà fi ń tètè dé bá irú wọn nìyẹn, bó ṣe bá màmá mi.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lèsì mi fi dé. Wọn ò fi íméèlì sọ ọ́ fún mi, ẹ gbọ́ o, íméèlì kàn ní kí n yan aago tí kọ́ńsẹ́lọ̀ máa pè. Ó pè lásìkò géérégé. Ó ní BRCA2 mi náà ti bàjẹ́, ojú ibi tó ti bàjẹ́ lára ẹ̀gbọ́n mi gan-an ni, ọ̀nà jìn sí ibi mẹ́ta tí wọ́n wò ní 2019. Ó dúró kí n mí. Kò kánjú. Lẹ́yìn náà ló wá sọ ohun tó kàn mí bí ọkùnrin: kánsà prostate, ẹ̀yà ara ọkùnrin kan tó wà nísàlẹ̀ àpò ìtọ̀, ni kí n ṣọ́ra fún jù, kí n ti máa ṣe PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá a, láti 40 ọdún, mo sì ti ń lọ sí 46. Jẹjẹrẹ ọmú náà lè mú ọkùnrin tí BRCA2 ẹ̀ bàjẹ́, bíi 7 nínú 100. Fún obìnrin tí BRCA2 tiẹ̀ bàjẹ́, tó bá fi máa pé 80 ọdún, bíi 69 nínú 100 ni jẹjẹrẹ ọmú máa mú, bíi 17 nínú 100 ni ti ilé ẹyin máa mú. Obìnrin Amẹ́ríkà lásán, bíi 13 nínú 100 ni ti ọmú. Ọmọ tí mo bá bí, ìdajì ìdajì ni, bí ẹni ju owó kọ́ìnì sókè. Obìnrin méjì ni mo bí.

Ohun kan tún wà nínú èsì yẹn tó fẹ́ da orí mi rú. Wọ́n rí lẹ́tà kan tó yàtọ̀ nínú jíìnì míì tó ń jẹ́ ATM, wọ́n ní àwọn ò tíì mọ̀ bóyá ó léwu tàbí kò léwu. Mo ní báwo lẹ ṣe ń gba owó mi tí ẹ ní ẹ ò mọ̀? Ó sọ òótọ́ ibẹ̀ fún mi, mo sì bọ̀wọ̀ fún un nítorí ẹ̀: àwọn aláwọ̀ funfun ló pọ̀ jù nínú àwọn tí wọ́n ti kà jíìnì wọn láyé, torí náà lẹ́tà tó wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ tiwa lè dà bí àjèjì lójú wọn. Ó ní kí n má fi ṣe nǹkan kan, kí n má gé nǹkan kan, tí wọ́n bá mọ̀ wọ́n á kọ̀wé sí mi. Ẹ rí i, ẹni tó bá gba irú èsì yìí láìsí ẹni tó máa ṣàlàyé fún un, kò ní sùn.

Ìdí nìyí tí mo fi ń yin àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí nílé. Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúfúnmiláyọ̀ Ọlópàdé, tó kàwé dọ́kítà ní Yunifásítì Ìbàdàn kó tó lọ sí Chicago, òun àtàwọn ará Ìbàdàn ka jíìnì obìnrin 1,136 tó ní jẹjẹrẹ ọmú ní Nàìjíríà, wọ́n gbé e jáde ní 2018. Nínú 100 wọn, 14.7 ló ní jíìnì tó bàjẹ́ tó ń fa àìsàn yìí: BRCA1 jẹ́ 7.0, BRCA2 jẹ́ 4.1, ìyókù wà láàrin àwọn jíìnì àtúnṣe míì bíi PALB2. Lára àwọn tí kò ní àìsàn, 1.8 péré ni. Ẹni tó bá tún sọ fún mi pé àrùn òyìnbó ni, èsì yìí ni mo máa gbé sílẹ̀ fún un.

Ohun tí mi ò fẹ́ràn lára wọn: wọn kì í fi páálí ránṣẹ́ sí Nàìjíríà. Wọ́n ní ọmọ ìyá ẹni tí èsì ẹ̀ bá burú lè ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ láàrin 90 ọjọ́, inú mi dùn, àṣé tó bá ń gbé Amẹ́ríkà níbí ni. Àwọn ọmọ ìyá mi mẹ́ta wà nílé. Ìràwọ̀ kan ló já bọ́ níbẹ̀. Ìkejì, wọn ò sọ ti ìnṣọ́ránsì fún mi títí mo fi bi wọ́n. Òfin kan wà ní Amẹ́ríkà láti 2008 tó ní ìnṣọ́ránsì ìlera àti ẹni tó gbà ẹ́ síṣẹ́ ò gbọ́dọ̀ fi jíìnì ẹ fìyà jẹ ẹ́, àmọ́ kò dé orí ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí. Tí o bá fẹ́ ra ìnṣọ́ránsì ẹ̀mí, tètè rà á kó o tó tutọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́? Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn, wọ́n ti gba kímò, oògùn tó ń pa sẹ́ẹ̀lì kánsà, tán, irun wọn ti ń hù padà. Èsì BRCA2 yẹn ṣí ilẹ̀kùn oògùn kan tó ń jẹ́ olaparib, wọ́n ti ń lò ó ní Amẹ́ríkà láti 2014. Ẹ wo ọgbọ́n inú ẹ̀: sẹ́ẹ̀lì kánsà yẹn ò ní BRCA2 mọ́, PARP ló gbójú lé láti máa fi tún ara ẹ̀ ṣe, oògùn yìí á wá di PARP lọ́wọ́ mú, ohun tó kán á pọ̀ jù fún un, á kú. Sẹ́ẹ̀lì tó ṣì ní BRCA2 kan tó dáa á rọ́gbọ́n dá sí i. Owó ẹ̀ wọ́n gógó, gbogbo wa la jọ ń dá a.

Ìràwọ̀ 4 nínú 5 ni mo fún ìkejì. Tí kánsà ọmú, ilé ẹyin, prostate tàbí pancreas (ẹ̀yà kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ nínú ikùn) bá ti mú ẹni méjì ní ẹ̀gbẹ́ kan nínú ẹbí ẹ, tàbí tó mú ẹnì kan kó tó pé 50, ìyẹn ni kó o ná owó ẹ lé, bi wọ́n kó o tó sanwó pé ṣé gbogbo jíìnì náà lẹ máa kà, ṣé ẹnì kan máa bá mi sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbẹ́ bàbá náà wà lára ẹ̀ o, ọmọbìnrin lè jogún ẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá tí nǹkan kan ò ṣe rí.

Ọmọ mi kékeré ṣì jẹ́ 17, wọ́n ní ká dúró kó dàgbà kó fúnra ẹ̀ pinnu. Àgbà jẹ́ 22. Mo jókòó tì í ní kíṣìnì lọ́jọ́ Sunday kan, mo ya igi ẹbí yẹn fún un bí kọ́ńsẹ́lọ̀ ṣe yà á fún mi, mo fi ìyá ìyá mi sí i, mo fi àbúrò wọn tí ikùn wọn wú sí i. Ó bi mí pé, "Daddy, kí lorúkọ wọn?" Mi ò mọ̀ ọ́n. Mo tún pe Ògbómọ̀ṣọ́. Màmá dárúkọ àwọn méjèèjì, wọ́n sì kì wọ́n fún un lórí fóònù. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ló ní kí n bá òun ra páálí. Ó ti tutọ́ tiẹ̀, a ti fi ránṣẹ́ láti ọjọ́ kẹsàn-án, a ń retí èsì.